Bí ẹ bá dé Pondichéry, ẹ má parí ìrìn yín sí etíkun



Àwọn ènìyàn wa ń lọ sí Íńdíà. Àwọn kan lọ kàwé, àwọn kan lọ ra ọjà, àwọn mìíràn gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ní Chennai. Bí iṣẹ́ tí wọ́n bá lọ bá ti parí, tó ku ọjọ́ méjì mẹ́ta kí wọ́n padà wálé, wọ́n á máa béèrè ibi tí àwọn lè yà wò. Taj Mahal ni ẹnu gbogbo ènìyàn máa ń dá. Ṣùgbọ́n Agra ni Taj Mahal wà, lókè lọ́hùn-ún ní àríwá, ó sì jìnnà sí Chennai ju bí Àjàṣẹ́ ṣe jìnnà sí Niamey lọ. Ibi tó sún mọ́ Chennai, tó sì kan àwa gan-an, ni Pondichéry. Kò ju nǹkan bí 150 kìlómítà lọ sí gúúsù. Bọ́ọ̀sì ń gba ẹ̀bá òkun lọ síbẹ̀, ìrìn wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ni.

Àwa méjì nínú àwa tó ń kọ̀wé sí ojú ìwé yìí dé ibẹ̀, pẹ̀lú màmá wa kan tí a sìn lọ gba ìtọ́jú. Èrò wa nípa ìlú náà ni a fẹ́ sọ. Ó yẹ ní wíwò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi han àlejò kò tẹ́ wa lọ́rùn, pàápàá bí àlejò náà bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tí Faransé ti jọba lé lórí rí.

Puducherry ni àwọn onílẹ̀ ń pè é ní èdè Tamil, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ibùdó tuntun. Ilé iṣẹ́ òwò àwọn Faransé tẹ̀dó síbẹ̀ ní ọdún 1674. Àwọn ará Holland gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́ ní 1693, wọ́n dá a padà ní 1699. Gẹ̀ẹ́sì wó o palẹ̀ ní 1761, Faransé tún padà wá kọ́ ọ. Oṣù kọkànlá ọdún 1954 ni wọ́n tó fa ìjọba rẹ̀ lé Íńdíà lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ìwé rẹ̀ kò sì parí títí di oṣù kẹjọ ọdún 1962. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò: nígbà tí Dahomey àti Togo gba òmìnira ní 1960, lórí ìwé, ti Faransé ṣì ni Pondichéry.

Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi han àlejò ni apá etíkun tí wọ́n ń pè ní Ville Blanche, Ìlú Funfun. Òpópónà ibẹ̀ tọ́ bí okùn tí a nà. Ilé aláwọ̀ ìyeyè ló pọ̀ jù, fèrèsé wọn ga, òdòdó pupa sì ń ṣàn bolẹ̀ láti orí ògiri. Àwọn ọlọ́pàá ń dé fìlà pupa bíi ti Faransé àtijọ́. Rue Dumas nìyí, Rue Suffren nìyẹn. Ẹni tó bá gbé Àjàṣẹ́ rí, orí rẹ̀ á wú, á dà bí ẹni pé ó ti wá síbẹ̀ rí. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ gba títì etíkun mọ́, tọmọdé tàgbà á sì máa fi ẹsẹ̀ rìn nínú atẹ́gùn. Ère Gandhi wà níbẹ̀, ère Dupleix náà wà ní ìsàlẹ̀ lápá gúúsù, ẹni tó ṣe gómìnà láti 1742 sí 1754. A ò ní parọ́, ó lẹ́wà. A ya fọ́tò tiwa náà.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò ń parí ìrìn wọn sí. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á mu kọfí, wọ́n á ní àwọn ti rí Faransé kékeré ní Íńdíà. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń dùn wá. Kánáálì kan wà tó la ìlú náà sí méjì. Apá ìhín ni Ìlú Funfun. Apá ọ̀hún ni àwọn Faransé ń pè ní Ville Noire, Ìlú Dúdú. Àwọn onílẹ̀ ni wọ́n pè bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ Kétu tàbí ọmọ Àjàṣẹ́ bá na owó ọkọ̀ òfúrufú láti lọ wo apá àwọn ọ̀gá nìkan, tí kò fi ẹsẹ̀ kan apá tí àwọn tó jọ òun ń gbé, a jẹ́ pé kò rí nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká béèrè ohun tó gbé Faransé débẹ̀ ná. Aṣọ ni. Òwú ni àwọn ahunṣọ agbègbè náà ń hun, wọ́n sì ń fi ẹlú pa á láró bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe. Ilé iṣẹ́ òwò tí wọ́n ń pè ní Compagnie des Indes ló ń kó o lọ tà. Ní àwọn ọdún 1700, ilé iṣẹ́ kan náà yìí ló ń ṣàkóso Pondichéry, òun náà ló sì ń di ilé olódi Faransé mú ní Ouidah. Orúkọ Louis ni wọ́n fún ti Ouidah, orúkọ Louis náà ni wọ́n fún ti Pondichéry. Aṣọ Íńdíà wà lára ẹrù tí ọkọ̀ wọn ń kó wá sí etíkun wa láti fi ra ènìyàn, pẹ̀lú owó ẹyọ tó wá láti erékùṣù Maldives, ní òkun Íńdíà kan náà. Nígbà tó yá, wọ́n sọ aṣọ aláró kan tí wọ́n ń ṣe ní Pondichéry ní guinée, orúkọ etíkun wa níhìn-ín. Ní ẹ̀bá odò Senegal, bí owó ni wọ́n ń ná an. Nínú gbogbo pátákó tí a kà ní Ìlú Funfun, a ò rí gbólóhùn kan nípa èyí. Màmá wa bi wá pé, ta ló máa wá kọ ọ́ bí àwa fúnra wa kò bá mọ̀?

Ẹ kọjá kánáálì, ẹ wá Rue Vysial. Àwọn ilé Tamil àtijọ́ wà níbẹ̀. Níwájú ilé, pẹpẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní thinnai, òpó igi ló gbé òrùlé orí rẹ̀ dúró. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń kọjá lọ ti lè jókòó sinmi nínú òòrùn, bí kò tiẹ̀ mọ onílé. Bí ẹ bá wọ inú ilé, àgbàlá wà láàárín, òrùlé yí i ká, ojú ọ̀run ń hàn, òjò sì ń rọ̀ sínú rẹ̀. Màmá wa kò tiẹ̀ jẹ́ kí onílé parí àlàyé. Ó ní, "Ṣebí àkòdì nìyí!" Ó ní bí ilé bàbá bàbá òun ní Kétu ṣe rí nìyẹn kí àwọn ọmọ tó wó o láti fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Ó jókòó sí pẹpẹ yẹn fún ìgbà pípẹ́, a ò sì lè sọ fún un pé ká máa lọ.

Kò jìnnà sí ọjà ńlá wọn ni ilé Ananda Ranga Pillai wà. Òun ni alágbàtà àti ògbufọ̀ fún Dupleix. Ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ jẹ́ òpó igi bíi ti Tamil, òkè rẹ̀ jẹ́ òpó funfun bíi ti Faransé. Láti 1736 títí di 1761 tó kú ni ó fi ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí sílẹ̀, ní èdè abínibí rẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Pondichéry ṣe rí nígbà náà, Faransé ni o, Gẹ̀ẹ́sì ni o, ìwé Tamil yẹn ni yóò lọ bá.

Àwọn ilé Rue Vysial ìbá ti wó tán. Àjọ kan tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Íńdíà, INTACH, ló dìde sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, owó wá láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, àwọn onílé náà dáwó sí i, wọ́n sì tún iwájú àwọn ilé náà ṣe. Kì í ṣe gbogbo ilé ìlú náà ló là á já o. Mẹ́rì wọn tó kọjú sí òkun wó lulẹ̀ nígbà tí òjò ńlá rọ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2014. Wọ́n tún un kọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ní 2021 ni wọ́n ṣí i.

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ẹ mọ ohun tí à ń sọ. Àwọn ilé Àgùdà tó wà láàárín ìlú wa ń ya, koríko ń hù lára wọn, a sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lójoojúmọ́. Wọ́n á ní ilé mọ̀lẹ́bí ni, ogún ènìyàn ló ni ín, ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ kàn án. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a lè tún iwájú ilé ṣe láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ parí ìjà ogún, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni kó jáde. Ibẹ̀ ni Rue Vysial ti bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tó máa yé àwa ará ẹnu ibodè ju ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń lé àwọn tó ń jà fún òmìnira Íńdíà, abẹ́ Faransé ní Pondichéry ni wọ́n ń sá wá. Akéwì Tamil, Subramania Bharati, dé síbẹ̀ ní 1908, Aurobindo dé ní 1910. Ti àwọn bàbá wa ní Kétu àti Ọ̀họ̀rí yàtọ̀: Faransé ni wọ́n ń sá fún, nítorí iṣẹ́ ipá àti kíkó ọmọ sí ogun, abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà ni wọ́n ń lọ. Ọ̀gá kan náà tí àwa ń sá fún ni àwọn kan ń sá bá. Ilé tí Bharati gbé ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, apá Tamil ló wà, ẹ yà síbẹ̀.

Àwọn ibi yòókù, ẹ wò ó bí àyè bá ṣe gbà yín. Ilé òrìṣà Manakula Vinayagar kún fún èrò, ẹ bọ́ bàtà kí ẹ tó wọlé. Ilé ẹ̀sìn tí àwọn ọmọlẹ́yìn Aurobindo ń tọ́jú dákẹ́ rọ́rọ́. Auroville, ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968 kí ènìyàn gbogbo orílẹ̀-èdè lè jọ gbé, wà lẹ́yìn ìlú. Ilé roboto aláwọ̀ wúrà rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń lọ wò. Ní tiwa, bó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré lẹ ní, a ò ní ní kí ẹ lò ó síbẹ̀.

Ẹ wo pátákó orúkọ òpópónà pẹ̀lú. Àwọn àtijọ́ jẹ́ aláwọ̀ búlúù, Faransé àti Tamil ló wà lára wọn. Títí di òní, pátákó tí orúkọ òpópónà wà ní èdè Yorùbá ṣọ̀wọ́n lójú wa ní ìlú tiwa. Ta ló dí wa lọ́wọ́?

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan. Nǹkan bí 60 kìlómítà sí gúúsù Pondichéry, ìlú kan wà ní etíkun tí wọ́n ń pè ní Parangipettai. Orúkọ tí àwọn Potogí sọ ọ́ ni Porto Novo, bí wọ́n ṣe sọ Àjàṣẹ́ gẹ́lẹ́. A ò ráyè débẹ̀, nítorí màmá ti rẹ̀. Ẹni tó bá débẹ̀ nínú yín, kó jọ̀wọ́ ya fọ́tò, kó fi ránṣẹ́ sí wa.