Ọ́ìlì Tó Ń Jò Lára Ọkọ̀: Ibi Tó Ti Ń Jáde Ni Kí Oníṣòwò Kọ́kọ́ Wá

Kò sí oníṣòwò epo pupa kan ní Ìlútítun, nílẹ̀ Ìkálẹ̀, tí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ yóò máa jò, tí yóò kàn máa bu epo mìíràn kún un láràárọ̀. Yóò nu kẹ́ẹ̀gì náà gbẹ, yóò sì wá ibi tó lu kó tó tún da epo sí i. Ṣùgbọ́n onítọ̀hún kan náà lè ní bọ́ọ̀sì tó ti rin ju 200,000 kìlómítà lọ, tó ń kán ọ́ìlì sílẹ̀ níbikíbi tó bá dúró sí, kó sì máa ra lítà kan lọ́sẹ̀ láti fi kún un. Bí wọ́n bá bi í, yóò ní ọkọ̀ ló ti gbó, kò sí ohun téèyàn lè ṣe sí i. Àṣìṣe ńlá nìyẹn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Lítà kan lọ́sẹ̀ di lítà 52 lọ́dún. Nǹkan bíi lítà 4 ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kékeré ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ń ṣòfò yìí tó láti pààrọ̀ ọ́ìlì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà 13. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, èrè ẹni tó ń kó gààrí, pupuru tàbí epo pupa lọ sí Òkìtìpupa kò fàyè gba irú òfò bẹ́ẹ̀ mọ́. Èyí tó tún burú ni pé ọjọ́ tí awakọ̀ bá gbàgbé láti da ọ́ìlì kún un, ẹ́ńjìnnì lè nọ́ọ̀kì, owó ẹ́ńjìnnì mìíràn sì lè gbé gbogbo òwò mì.

Lóòótọ́, ọjọ́ orí wà níbẹ̀. Ooru máa ń mú kí rọ́bà gáskẹ́ẹ̀tì àti ọ́ìlì síìlì gan, kó sì sán. Àmọ́ rọ́bà ló gbó, kì í ṣe odindi ẹ́ńjìnnì.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ mọ́jú. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti ṣiṣẹ́ máa ń dúdú. Bó bá pupa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti gíà tàbí ti sítíárì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ọ̀rá bo àwọn ibi tó ní wáyà, kí wọ́n fọ ẹ́ńjìnnì mọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kó gbẹ. Kí wọ́n bu páúdà díẹ̀ sí ibi tí wọ́n fura sí, kí wọ́n wa ọkọ̀ náà díẹ̀, kí wọ́n tún wò ó. Ọ́ìlì máa ń ṣàn wá sílẹ̀, atẹ́gùn sì máa ń fẹ́ ẹ sẹ́yìn. Nítorí náà, ibi tó ti ń kán kọ́ ni ibi tó ti ń jáde. Ibi tó ga jù lọ tí páúdà ti tutù ni kí wọ́n mú.

Ohun tí kò náni lówó púpọ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò: nọ́ọ̀tù ìdí sọ́ǹpù, fílítà ọ́ìlì, sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì, lẹ́yìn náà gáskẹ́ẹ̀tì taapẹ́ẹ̀tì kọ́fà. Nígbà mìíràn, rọ́bà fílítà àtijọ́ ló lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n sì de tuntun lé e lórí. Síìlì ẹ̀yìn ló máa ń náni lówó jù, nítorí wọ́n ní láti sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbà fún èyí láìjẹ́ pé ó ti fojú rí i pé ibẹ̀ ló ti ń jáde. Bí wọ́n bá sì fẹ́ sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ nítorí kílọ́ọ̀ṣì, ìgbà náà gan-an ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀ síìlì náà.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ máa ń gbójú fò. Bí páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí bá dí, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò máa ti ọ́ìlì jáde gba ojú síìlì. Ẹni tó bá pààrọ̀ síìlì láìfọ páìpù náà yóò tún padà wá. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń rẹ́ sí gbogbo ara ẹ́ńjìnnì náà léwu, nítorí èyí tó bá já sínú lè dí ojú ọ̀nà ọ́ìlì.

Gbogbo ẹ̀bi yìí kì í ṣe ti mẹkáníkì nìkan. Onímọ́tò tó ní ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jáde kí ilẹ̀ tó ṣú ló ń fipá mú un láti méfò. Ọjọ́ kan tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà tó láti fọ ẹ́ńjìnnì kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Kí mẹkáníkì fi ibi tí ọ́ìlì ti ń jáde hàn kó tó dárúkọ owó.

Lẹ́yìn àtúnṣe, kí awakọ̀ máa fa gééjì yọ wò láràárọ̀, kó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, láti àmì ìsàlẹ̀ dé ti òkè tó nǹkan bíi lítà kan. Bí iná pupa ọ́ìlì bá sì tàn lójú ọ̀nà, kó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ọjà kò jìnnà mọ́.