Ìrẹsì Inú Ewé Òkun

Ìjà ìyá àti ọmọ ni ó bí ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ń kàwé ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Fíìmù àwọn ará Kòríà ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò lóru. Nígbà tí ó wá kí wa ní Ọ̀yọ́, ó gbé ike oúnjẹ kan dání: ìrẹsì tí wọ́n fi nǹkan dúdú pẹlẹbẹ ká, tí wọ́n sì gé bí ẹni gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún dòdò. Ìyá rẹ̀ tú ọ̀kan wò, ó bá ẹran pupa rúsúrúsú kan láàárín rẹ̀. Ó ní, “Ẹran wo nìyí?” Ọmọ kò mọ̀. Wọ́n tẹ ẹni tí ó tà á láago, ó ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ìyá kó gbogbo rẹ̀ dà sí ààtàn, ọmọ sunkún owó rẹ̀, ó sì di ọjọ́ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ àárín wọn kò kọjá “ẹ káàárọ̀, mà.”

Àbúrò mi wá fẹjọ́ sùn mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi kìlọ̀ fún ọmọ yìí, oúnjẹ kèfèrí ni.” Mo ní ó jàre lórí ẹran, ṣùgbọ́n kò jàre lórí ìyókù. Ewé dúdú náà, ewé inú òkun ni. Àwọn ará Kòríà a máa gbìn ín sínú omi òkun, wọn a gé e wẹ́wẹ́, wọn a tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn a sì mú un gbẹ bí ìwé. Gim ni orúkọ rẹ̀. Bap ni ìrẹsì sísè. Ìyẹn ni oúnjẹ náà fi ń jẹ́ gimbap. Òun ni ìyá wọn ń dì fún ọmọ ilé-ìwé tí ó ń lọ sí ìrìn ìgbafẹ́. Wọn a máa fi ẹran màlúù, ẹja inú agolo tàbí ẹyin sí i. Kò di dandan kí ó jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí wà níbẹ̀ pẹ̀lú: láti 1976 ni mọ́sálásí ńlá ti wà ní Seoul, olú-ìlú wọn. Àwa tí a sì ń pọ́n ẹ̀kọ, tí a ń pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀, ewé kò ṣe àjèjì sí wa. Kìkì pé ewé tiwọn, jíjẹ ni.

Ní ọjọ́ Sátidé mo pe àwọn méjèèjì sí ilé ìdáná mi. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: ti àkọ́kọ́ bàjẹ́. Ìrẹsì tí gbogbo wa ń jẹ, tí wọ́n ti bọ̀ kí wọ́n tó bó o, kì í lẹ̀ mọ́ra. Bí mo ti fi ọ̀bẹ kàn án ni ó dà sílẹ̀ bí iyanrìn. Ọmọ rẹ́rìn-ín, ìyá náà sì rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo rántí ìrẹsì funfun tí àwọn Haúsá fi ń ṣe túwó. Mo rán ọmọ lọ sí Sábó, ó rà á bọ̀ pẹ̀lú yànmọ̀tí díẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní rídì.

Ẹ fọ ife ìrẹsì túwó méjì títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ fi omi ife méjì àti ààbọ̀ sè é lórí iná jẹ́jẹ́. Kí ó rọ̀, ṣùgbọ́n kí ó má di túwó. Bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ àti òróró yànmọ̀tí ṣíbí kan pò ó. Ẹni tí kò rí òróró náà, kí ó yan yànmọ̀tí nínú agbada gbígbẹ, kí ó gún un, kí ó fi òróró ẹ̀pà díẹ̀ pò ó. Ará Japan, tí ó ní irú oúnjẹ yìí tirẹ̀, fínígà ni ó ń fi sí ìrẹsì.

Fún inú rẹ̀, a dín ẹyin mẹ́ta pẹlẹbẹ, a gé e gbọọrọgbọọrọ. A rẹ́ kárọ́ọ̀tì wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, a yí i nínú òróró. A bọ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, a sì fún un gbẹ dáadáa, nítorí omi ni ọ̀tá ewé náà. Ẹran màlúù lílọ̀ tí a fi àlùbọ́sà àti ata dín ni a lò. Ẹja títù bíbọ̀ tí a yọ egungun rẹ̀ dára bákan náà, ó sì dín owó kù.

Ẹní kékeré tí a fi ọparun hun ni wọ́n fi ń ká a. Aṣọ mímọ́ tí ó nípọn ni èmi lò, mo tẹ́ ọ̀rá oúnjẹ lé e. Ẹ tẹ́ ewé sí i, ojú tí ó ń dán nísàlẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tútù tẹ́ ìrẹsì lé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ fi ìbú ìka kan sílẹ̀ ní etí òkè. Ẹ to ohun inú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ẹ ká a bí ẹni ká ẹní, kí ẹ máa fún un bí ó ti ń lọ. Ẹ fi omi pa etí rẹ̀ kí ó lẹ̀. Ọ̀bẹ mímú tí a fi òróró pa ni kí ẹ fi gé e.

Ewé náà ni owó wà lára rẹ̀. N kò rí i ní Ọjà Akẹ̀sán. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọmọ ti rà á, mẹ́wàá nínú ọ̀rá kan. Èyí kékeré tí wọ́n ti fi iyọ̀ àti òróró yan fún ìpanu a máa ya. Ẹ má rà á fún èyí. Kí ẹ sì ka ara ọ̀rá tàbí ìgò ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ fi sí i, nítorí ọtí a máa wà nínú òmíràn. Bí owó kò bá tó, ẹ fi ẹyin dídín pẹlẹbẹ tàbí ewé kábéèjì bíbọ̀ ká a.

Ọ̀kan kù tí n kò ní fi ṣeré. Kòkòrò àrùn kan wà nínú ìrẹsì tí iná ìsè kì í pa tán. Bí ìrẹsì sísè bá pẹ́ níta nínú ooru wa yìí, yóò da oró sí i, oró náà kì í sì í lọ bí a tún gbé e kaná. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ni yóò fi bá ọmọ jà. Nítorí náà, kí ẹ jẹ ẹ́ láàárín wákàtí méjì, kí ẹ má dì í sí àpò ọmọ tí kò ní jẹun títí di ọ̀sán. Bí ó bá ṣẹ́kù, ẹ tètè gbé e sí firíìjì. Yóò ti le ní ọjọ́ kejì. Ẹ rì í sínú ẹyin pípò, ẹ dín in.

Orí àti ìdí rẹ̀, níbi tí ẹ̀fọ́ àti ẹyin ti ń yọ jáde, kì í bọ́ sínú àwo àlejò. Alásè ni ó ń jẹ ẹ́. Mo kó tèmi pamọ́ sínú àwo kékeré kan. Nígbà tí mo padà wá wò ó, n kò bá a. Àbúrò mi ni mo bá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì.