Ta Ló Ń Bá Ẹja Ṣeré?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo bá wá lónìí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan fẹ́ túmọ̀ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "game fishing", èyí ni pé kí ènìyàn wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wọ agbami òkun, kí ó máa fi ọ̀pá àti ìwọ̀ mú marlin àti tuna, kì í ṣe nítorí àtijẹ bí kò ṣe fún ìgbádùn tàbí ẹ̀bùn ìdíje. Ó pè é ní "eré ẹja pípa". Mo fagi lé e. Inú rẹ̀ kò dùn. Ẹ jẹ́ kí n wí tẹnu mi, kí ẹ bá wa dá ẹjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú "pípa". Pa àti ẹja ló di pẹja. Ẹni tí kò bá pa á, kò tíì pẹja. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń lépa marlin lóde òní ni ń tú u sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fà á dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Àwọn mìíràn a fi àmì sí i lára fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ mú ẹja, kò pa á. Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ méjèèjì wọ̀nyí ṣe ìkan náà.

"Eré" gan-an ló wá bí mi nínú. Bí ẹni méjì bá ta ayò, àwọn méjèèjì ló mọ̀ pé ayò ni àwọn ń ta. Bí ẹni méjì bá ja ìjàkadì, ẹni tó ṣubú a dìde, a gbọn eruku ara rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n marlin tí ìwọ̀ há sí lẹ́nu, tí wọ́n ń fà fún wákàtí mélòó kan, kò mọ̀ pé eré ni. Ẹ̀mí rẹ̀ ló ń jà fún. Òmíràn wà tí wọ́n tú sílẹ̀ láàyè tó sì kú lẹ́yìn náà. Eré wo ni ọ̀kan ń ṣe tí ó ń rẹ́rìn-ín, tí èkejì ń ṣe tí ó ń kú lọ?

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 níbi ìdíje Big Rock ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Sensation gbé marlin kan wálé tó wọn nǹkan bí kílò 281. Ẹ̀bùn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là ló ń dúró dè wọ́n. Àmọ́ ẹja apanirun kan ti bù ú jẹ kí ó tó dé inú ọkọ̀. Òfin ìdíje ní ẹja tí ẹja mìíràn bá ti dá lápá kò ṣe é kà, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Ẹ rántí ìwé Hemingway nípa àgbàlagbà apẹja ọmọ Kúbà, tó jáde ní 1952. Àwọn ẹja apanirun jẹ marlin tirẹ̀ náà, títí ó fi ku egungun. Baba yẹn pàdánù ẹran. Ní Big Rock, ẹran wà níbẹ̀, iye kílò wà níbẹ̀, síbẹ̀ ẹja di òfo. A rí i pé kì í ṣe ẹja ni wọ́n wá lọ sí òkun.

Ẹnìkan yóò sọ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, pé okùn ẹlẹ́gbẹ̀rún ìwọ̀ àwọn ọkọ̀ oníṣòwò ló ń pa marlin jù. Òótọ́ ni. N kò sì bá ẹni tó ń tú ẹja sílẹ̀ jà. Ohun tí mo ń bá jà ni orúkọ tó ń fi ẹ̀tọ́ fún ẹnìkan tó sì ń gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Láti 1988 ni Amẹ́ríkà ti fòfin de títa marlin inú òkun Àtìláńtíìkì, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọ̀pá mú un fún ìgbádùn ṣì lè gbé èyí tó bá tóbi tó lọ sílé. Ní 2019, ICCAT, àjọ tí ń bójú tó tuna àti marlin nínú òkun yẹn, tí Nàìjíríà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, fi òdiwọ̀n tọ́ọ̀nù 1,670 lọ́dún sí irú marlin aláwọ̀ aró. Inú òkun kan náà ni àwọn apẹja Gánà ti ń fi àwọ̀n mú un fún oúnjẹ. Bí a bá sọ ọ́ ní "ẹja eré", ta ni yóò dà bí ọ̀daràn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín in? Ẹni tó fi í bọ́ ọmọ ni.

Ìmọ̀ràn mi nìyí: ẹ pè é ní "ìdíje ìfìwọ̀mẹ́ja" bí ẹ̀bùn bá wà níbẹ̀, tàbí "ìfìwọ̀mẹ́ja" lásán bí kò bá sí. Ó sọ ohun tí wọ́n ń ṣe, kò gbé e ga, kò sì bú u. Ẹ jẹ́ kí "apẹja" dúró fún ẹni tí ikòkò ọbẹ̀ ń dúró dè nílé.

Ẹni tó bá ní orúkọ tó sàn ju tèmi lọ, kí ó mú un wá. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ wo ilé o.