Okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ ilẹ̀: Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o

Oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ri okùn fáíbà tó gùn tó 90,000 kìlómítà mọ́lẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀, Ọ̀mọ̀wé Bosun Tijani, ṣàlàyé nígbà náà pé yóò kún 35,000 tó ti wà nílẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ lè di 125,000. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ará ìlú bèèrè pé: irú okùn wo ni, báwo ni wọn yóò sì ṣe rì í?

Fáíbà kì í ṣe wáyà iná. Gíláàsì tí wọ́n fà tínínrín bí irun orí ni, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, tó ń gbé ọ̀rọ̀ àti àwòrán láti ìlú kan dé èkejì. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní multimode, ojú ọ̀nà inú rẹ̀ fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń gba ọ̀nà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kì í sì í dé pọ̀. Inú ilé tàbí ọgbà iléeṣẹ́ kan ló wà fún. Èkejì ni single-mode. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi lè rin ọgọ́rin kìlómítà, tó ju Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ lọ, láìsí ẹ̀rọ tí yóò ràn án lọ́wọ́ lójú ọ̀nà.

Single-mode ló yẹ abẹ́ ilẹ̀. Lóòótọ́, ẹ̀rọ tó ń bá multimode ṣiṣẹ́ lè dínwó, ṣùgbọ́n okùn single-mode fúnra rẹ̀ kò wọ́n jù ú lọ. Bí iṣẹ́ bá sì pọ̀ sí i lọ́la, ẹ̀rọ orí méjèèjì nìkan ni wọn yóò pààrọ̀, wọn kò ní í tún ilẹ̀ gbẹ́.

Okùn dáadáa nìkan kò tó. Inú páìpù rọ́bà líle ló yẹ kó wà, kí wọ́n rì í tó bíi mítà kan, kí wọ́n sì tẹ́ nàílọ́nù ìkìlọ̀ lé e lórí. Kí okùn náà jẹ́ èyí tí omi kò lè wọ̀, kó má sì kún inú páìpù dí. Kí wọ́n ri páìpù òfìfo kan tàbí méjì mọ́ ọn, nítorí bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní ẹjọ́ tiwọn. Ọdún 2013 ni ìgbìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè, tí àwọn gómìnà wà nínú rẹ̀, ti fẹnu kò sí náírà 145 lórí mítà kan fún ẹni tó bá fẹ́ ri okùn. Gbogbo ìpínlẹ̀ kọ́ ló tẹ̀lé e. Owó gegere yìí ló ń mú kí àwọn iléeṣẹ́ máa sá fún ìgbèríko. Ó yẹ kí wọ́n dín in kù, kí wọ́n sì pàṣẹ pé bí wọ́n bá ń ṣe títì, kí wọ́n ri páìpù sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Oṣù kẹfà ọdún 2024 ni Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lu àṣẹ tó sọ bíba irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ jẹ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Kí àṣẹ náà má mọ sórí ìwé. Kí awakọ̀ katapílà bèèrè kó tó gbẹ́lẹ̀. Kí àwọn olè tó ń wá bàbà mọ̀ pé gíláàsì lásán ni wọn yóò bá, ẹnikẹ́ni kì í sì í ra gíláàsì já.

Ẹ̀yin baálẹ̀ àti àgbẹ̀, bí ẹ bá rí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́bàá oko yín, ẹ bi wọ́n bí kòtò náà ṣe jìn tó. Bí wọ́n bá fi páńda rọ́pò wúrà, ẹ̀yin ni íntánẹ́ẹ̀tì yóò dá dúró fún. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.