Bí Windows Bá Di Tuntun, Ẹ Yẹ Ẹrù Yín Wò

Ẹni tó kó lọ sílé tuntun gbọ́dọ̀ tú ẹrù rẹ̀ wò, kó mọ ohun tó fọ́ àti ohun tó pé. Ọ̀rọ̀ tí a ní fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní Jos lásìkò yìí nìyẹn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft ṣíwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10, èyí tó jáde lọ́dún 2015. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń yí sí Windows 11.

Èrò tiwa ni pé bí sọ́fítíwíà bá tilẹ̀ bá yín dé inú Windows tuntun, kò túmọ̀ sí pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Ẹ dán an wò kí iṣẹ́ tó kánjú.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà yí i. Wọ́n lè gbé tuntun lé ti tẹ́lẹ̀. Fáìlì àti ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà yóò ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n sì lè nu gbogbo rẹ̀ nù, kí ẹ wá máa fi sọ́fítíwíà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi ẹni tó ń bá yín ṣe é ní Bauchi Road tàbí Terminus léèrè èwo ló fẹ́ ṣe, kí ẹ sì ti da iṣẹ́ yín sí ibòmíràn.

Ohun tó kan àwa jù ni àmì ohùn. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Iṣẹ́ àṣekágbá tí àmì rẹ̀ dàrú ti bàjẹ́ nìyẹn. Kí Unicode tó gbilẹ̀, àwọn tó ń tẹ Yorùbá máa ń lo fọ́ǹtì àkànṣe. Bí fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ kò bá sí nínú kọ̀ǹpútà mọ́, àmì àjèjì ni yóò yọjú nínú iṣẹ́ àtijọ́. Ẹ má sọ fáìlì náà nù: ẹ fi fọ́ǹtì rẹ̀ padà, lẹ́yìn náà ẹ yí iṣẹ́ náà sí Unicode. Ní ti kíbọ́ọ̀dù, Windows ní ti Yorùbá nínú ètò èdè rẹ̀. Keyman náà wà, ọ̀fẹ́ sì ni.

Àwọn kan á ní ìgbà tí àwọn bá nílò rẹ̀ ni àwọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin ará, ọjọ́ 10 péré ni ẹni tó gbé tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ sábà máa ń ní láti padà sẹ́yìn. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, ẹ tẹ ojú ìwé kan ní Yorùbá, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ẹ ṣí iṣẹ́ àtijọ́. Èyí tó bá kọ̀, ẹ gba ẹ̀dà tuntun lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é. Èyí tí kò wúlò mọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ire o.