Ẹ Má Fi Ohùn Dúró Ládiípọ̀ Pa Ọba Kò So

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo wà ní gbọ̀ngàn kan n'Íbàdàn níbi tí àwọn ọ̀dọ́ òṣèré ti ń ṣe Ọba Kò So. Ọmọkùnrin tó ṣe Ṣàngó kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó dirun, ó mú oṣé dání, bàtá sì ń dún kíkankíkan. Kò tíì sọ̀rọ̀ tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí bàbá kan tó jókòó níwájú mi fi pariwo pé: "Kúrò níbẹ̀! Ìwọ kọ́ ni Dúró!" Àwọn ẹgbẹ́ bàbá náà bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ṣe eré parí o, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò gòkè mọ́ láti ìgbà náà lọ.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, mo lọ bá bàbá náà, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ìkàlẹ̀, sà. Níbo lẹ ti wo Dúró Ládiípọ̀?" Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Wò ó bí i báwo? Àwo rẹ̀ wà nílé mi."

Ẹ gbọ́ ná! Bàbá tó fẹ́ lé Ṣàngó kúrò lórí ìtàgé kò fojú rí Dúró rí. Rẹ́kọ́ọ̀dù ló gbọ́. Rẹ́kọ́ọ̀dù ló fi na ọmọ ọlọ́mọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ń rí Dúró fín. Ta ni mo jẹ́? Èmi náà kò bá a láyé, ohùn rẹ̀ nínú àwo bàbá mi ni mo fi mọ̀ ọ́n, tí abẹ́rẹ́ giramafóònù á máa ha lórí rẹ̀ ṣáṣá. Ọkùnrin yìí ló gbé Ọba Kò So jáde lọ́dún 1963 ní Òṣogbo, ní Mbari Mbayo. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1964, ó gbé e lọ sí Bẹ̀líìnì ní Jámánì. Nígbà tó di 1965, ó gbé e dé ìlú ọba níbi àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe Ṣàngó, ìyàwó rẹ̀ Abíọ́dún ló ń ṣe Ọya. Àwọn òyìnbó tí kò gbọ́ Yorùbá jókòó, wọ́n gbọ́ ìlù, wọ́n gbọ́ oríkì, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Ó kú ní oṣù kẹta ọdún 1978. Ẹni tó bá ní Dúró kò tóbi, kó lọ wá ewúro jẹ kí ojú rẹ̀ là.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí a yà sọ́tọ̀ nìyí: Dúró ọ̀tọ̀, àwo ọ̀tọ̀, eré ọ̀tọ̀.

Kí ni àwo? Ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Ẹgbẹ́ alárìnjò kì í ha eré sórí bí ọmọ ilé-ìwé ti ń ha kátíkísìmù. Bí àwùjọ bá ti gbà á ni wọ́n ń ṣe é. Onílù á rí ọba ìlú tó wọlé, á yà síbẹ̀ kì í, òṣèré á sì bá a yà. Eré tí wọ́n ṣe l'Ẹ́dẹ lónìí kò ní í bá èyí tí wọ́n ṣe l'Ékòó lọ́la dọ́gba. Ìwé Ọba Kò So gan-an tí Yunifásítì Ìbàdàn tẹ̀ jáde lọ́dún 1972, inú téèpù ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti gbọ́ ọ tí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, ìwé tí à ń pè ní òtítọ́ yẹn, eré ọjọ́ kan náà ni. Ká ní wọ́n gbé téèpù lọ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ìwé mìíràn là bá máa kà.

Ẹ jẹ́ ká wá fi wọ́n wé ara wọn bó ṣe yẹ. Mo ti gbọ́ àwo lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ní eré àwọn ọ̀dọ́ yẹn lórí fóònù, ẹnì kan ló gbà á sílẹ̀ fún mi. Níbi tí Gbọ̀nńkáà ti lọ ká Tìmì mọ́ Ẹdẹ, tí wọ́n ń da ọfọ̀ síra wọn lára, àwo ló borí pátápátá. Etí ni ọfọ̀ wà fún. Àwọn àgbà mọ ibi tí èèyàn ti ń mí àti ibi tí kì í ti í mí. Àwọn ọ̀dọ́ yìí ń ka ọfọ̀ bí ẹni ń ka ìròyìn aago méje. Mo sọ ọ́ fún wọn lójú ara wọn.

Àmọ́ ẹ dé ibi tí Ọya ti fi Ṣàngó sílẹ̀ nínú igbó. Ọba tó ti bínú pa àwọn èèyàn ara rẹ̀, tí ìlú ti kọ̀ ọ́, tó wá ku òun àti ìyàwó kan ṣoṣo. Obìnrin náà sì ń lọ. Kí ni àwo lè ṣe fún wa níbẹ̀? Ẹnu dákẹ́, àwo náà dákẹ́, a ò mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ló fò. Lórí ìtàgé ọjọ́ yẹn, ọmọbìnrin tó ṣe Ọya rìn díẹ̀, ó dúró, ó fẹ́ yíjú padà, kò yí i. Ìyá kan lẹ́yìn mi ní "Háà!" Èyí kò sí nínú rẹ́kọ́ọ̀dù kankan. Bàbá aláwo yẹn kò rí i, ẹ̀rín ló ń rín lọ́wọ́.

Ẹ wo àwọn tó mọ iyì ohun tiwọn. Obìnrin olórin kan wà tó ń jẹ́ Maria Callas. Ó kọ eré olórin Puccini tí wọ́n ń pè ní Tosca, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Róòmù lọ́dún 1900, sínú àwo lọ́dún 1953 ní Mìláànù. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, 1964, ó tún un kọ ní Párísì. Tito Gobbi tó bá a ṣe ti àkọ́kọ́ ló tún bá a ṣe èkejì. Ohùn obìnrin náà ti ń ṣá nígbà náà, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ. Àwọn kan ní 1953 kò láfiwé. Àwọn mìíràn ní ìbànújẹ́ inú ti 1964 wọ àwọn lára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n jà títí, wọ́n ń jà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwo méjèèjì wà lọ́jà, ọgọ́ọ̀rọ̀ olórin mìíràn sì ti kọ Tosca lẹ́yìn rẹ̀. Callas kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1977, kò tó oṣù mẹ́fà sí ikú Dúró. Kò sẹ́ni tó bá a sin Tosca.

Àwa ńkọ́? Mo lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kan láti béèrè téèpù eré àtijọ́. Wọ́n ní kí n padà wá, mo padà lọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́ẹ̀karùn-ún ni akọ̀wé kan fẹ̀sọ̀ sọ fún mi pé, "Bọ̀dá, ẹ má dààmú ara yín mọ́. Wọ́n ti gba bọ́ọ̀lù lé e lórí." Bọ́ọ̀lù! N kò tilẹ̀ béèrè ẹni tó gbá góòlù wọlé.

Ṣé ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà? Àwọn téèpù tí à bá fi wé ara wọn, a pa á rẹ́. Àwọn tó ń ṣe é lónìí, a ò gbà wọ́n sílẹ̀. Àwo kan ló kù, òun la sì sọ di kùmọ̀.

Àwọn kan yóò ní òṣùwọ̀n ṣáà gbọ́dọ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àgbàdo la fi òṣùwọ̀n wọ̀n, a kì í fi í lu àgbẹ̀. Kí bàbá pe ọmọ náà sílé, kó gbé àwo rẹ̀ sí i, kó ní, "Gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ọfọ̀." Ìyẹn ni àgbà ń ṣe.

Ẹ tún wo Ṣàngó fúnra rẹ̀. Kí ni ìtumọ̀ "ọba kò so"? Pé kò tán síbi igi àyán. Láti ayébáyé ló ti ń gun ẹlẹ́gùn lórí, ti baba, ti ọmọ, ti ọmọ ọmọ. Ta ló gbọ́ rí kí wọ́n kígbe mọ́ ẹlẹ́gùn pé "ìwọ kọ́ ni ti àkọ́kọ́"? Òrìṣà tí kò kọ orí tuntun, àwa wá ń bá a kọ̀ ọ́.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí gbogbo ẹgbẹ́ tó bá ṣe Ọba Kò So gbà á sílẹ̀, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti ìlú sí i. Kí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò yé pa téèpù rẹ́. Kí àwọn yunifásítì ṣílẹ̀kùn ibi tí wọ́n kó tiwọn pamọ́ sí, kí ọmọ òṣèré lè wọlé gbọ́. Kí a lè ní mẹ́wàá, kí a wá jókòó ṣàríyànjiyàn bó bá ṣe wù wá.

Mo bá ọmọkùnrin Ṣàngó yẹn lẹ́yìn ìtàgé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ń nu ojú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe àṣemọ. Ẹ̀fẹ̀ orí fóònù ni mo máa lọ ṣe. Kò sẹ́ni tó máa bá mi wá òkú níbẹ̀."

Mi ò rí èsì fún un. Bàbá aláwo, ẹ̀yin ẹ bá mi fún un lésì.