Ìṣirò kì í ṣe ìwọ̀n o!

1/ Ẹ gbà mí! Áàpù kan wo fídíò ìrìn mi, ó ní ẹsẹ̀ òsì mi ń gba agbára jù, kí n yáa ra bàtà wọn.

2/ Newton ti sọ ọ́: bí a ṣe tẹ ilẹ̀ ni ilẹ̀ ń tì wá padà. Tí kọ̀ǹpútà bá mọ ìwúwo wa àti bí ìyára ara wa ṣe ń yí padà, ó lè ṣírò àpapọ̀ agbára náà.

3/ Àmọ́ tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá jọ wà nílẹ̀, àpapọ̀ nìkan nìyẹn. Ẹsẹ̀ wo ló gba mélòó? Àbá ni wọ́n dá!

4/ Mi ò bú ìmọ̀ o. Ṣé ẹ ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ force plate tó ń wọn agbára lábẹ́ ẹsẹ̀? Àṣìṣe yín tó mélòó? Tí ẹ ò bá lè sọ, ẹ má fi orúnkún wa tajà.